Ẹni Tó Di Ọgbẹ́ Rẹ̀

Ẹ kà: Lúùkù 10:30–35

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú bá wọ̀yá ìjà, tí ẹ ṣì wà láàyè lónìí, ẹ kú ewu.

Nínú ìtàn tí Jésù sọ, àlùfáà rí ọkùnrin tó fara gbọgbẹ́, ó gba ìhà kejì kọjá. Ọmọ Léfì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bíbélì kò sọ bóyá wọ́n gbàdúrà fún un bí wọ́n ṣe ń lọ. Èmi máa ń rò ó pé ó ṣeé ṣe. Ará Samáríà ló sọ̀ kalẹ̀, ó da òróró àti wáìnì sójú ọgbẹ́, ó dì í, ó gbé e sórí ẹran tirẹ̀ dé ilé èrò, ó sì san owó ìtọ́jú. Ó tún ní bí ìnáwó bá lé, òun á san án.

Ìyá kan nínú ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́ ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó lọ́mú. Kò dùn ún, ló bá gbé e jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀, kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fà á lọ sọ́sibítù l'Ádó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí fa kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, sí i lára. Irun rẹ̀ re tán, ẹnu rẹ̀ bó. Ọmọ Èkìtì tí kò lè gbé iyán mì, ẹ wo ohun tójú rí! Àwọn obìnrin ìjọ pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: ẹnìkan ń gbé ògì lọ́wọ́ọ́rọ́ wá láàárọ̀, ẹlòmíràn ń bá a wọkọ̀ lọ gba oògùn. Lóru tí ara rẹ̀ gbóná, ẹni tó sùn tì í kò wá àgbo kiri. Ọsibítù ló gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, torí nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn: kẹ́mò máa ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, ibà ẹni tó ń gbà á kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ìyá yẹn ló ń lu agogo fún akọrin wa báyìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí dókítà ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún, ẹ má ní kó kọ́kọ́ lọ gbààwẹ̀ lórí òkè. Òkè kò níí sá lọ, kókó ló ń dàgbà. Nígbà tí eéwo dá Ọba Hesekáyà dùbúlẹ̀, ó sunkún gbàdúrà, Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀, síbẹ̀ wòlíì Aísáyà ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo náà.

Ẹ máa fọwọ́ yẹ ọmú àti abíyá wò lẹ́yìn ǹǹkan oṣù. Bí awọ ọmú bá sunkì, tàbí orí ọmú ń sun ẹ̀jẹ̀, ẹ tètè lọ. Jẹjẹrẹ ọmú kì í ràn. Ọkùnrin náà lè ní in, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ lórí àwọn tó la jẹjẹrẹ já. Má jẹ́ kó padà sí wọn lára.

Olúwa, ràn àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa lọ́wọ́, l'Ádó, ní Ìdó-Èkìtì, àti ní abúlé gbogbo. Má jẹ́ kí iná lọ nígbà tí ọ̀bẹ bá wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí owó oògùn kò jẹ́ kó sùn, rán ará Samáríà tirẹ̀ sí i.

Ẹni tó ń fi kókó pamọ́ sábẹ́ aṣọ láàárọ̀ yìí, fún un ní ìgboyà láti sọ fún ẹnìkan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.