Ẹ Má Pe Gbogbo Ojú Pípọ́n Ní Àpólò

Bí ojú bá ti pọ́n nílé wa, "Àpólò ni" la máa ń kọ́kọ́ sọ. Lóòótọ́, Àpólò sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró wò ó.

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà kì í lágbára mọ́. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti awọ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì níwájú ẹyinjú. Iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora pọ̀ níbẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára máa ń ba àwọn iṣan yẹn jẹ́, bó ṣe ń mú kí ẹsẹ̀ máa kú. Iyanrìn lè ha ojú kí onítọ̀hún má mọ̀. Egbò náà kò ní tètè jinná, kòkòrò á ráyè wọlé, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Torí náà, ẹ má fi "kò dùn mí púpọ̀" tu ara yín nínú.

Ẹnìkan á ní kí ẹ fi ìtọ̀ fọ̀ ọ́, ẹlòmíì á ní oje ewé. Ẹ má gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ojú tó ní steroid (èròjà tó ń mú kí wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀) tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì: ojú lè mọ́ díẹ̀, kí kòkòrò sì máa jẹ ẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Èyí tó burú jù ni mucormycosis, àrùn tí ìbátan èbu tó máa ń bo búrẹ́dì ń fà. Gbogbo wa là ń fa èbu yìí símú. Ṣùgbọ́n lára ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga débi pé ásíìdì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lè ti imú wọ ojú, kó ti ibẹ̀ wọ ọpọlọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lásìkò kòrónà ní Íńdíà, lọ́dún 2021, ó mú èèyàn tó lé ní 40,000, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n tún gba steroid fún kòrónà. Bí ẹ̀gbẹ́ ojú kan bá wú, tí ìpéǹpéjú ń wálẹ̀, tí ẹ ń rí nǹkan kan ní méjì, tàbí tí èépá dúdú wà nínú imú tàbí ní àjà ẹnu, ilé ìwòsàn ló kàn. Dókítà á fa amphotericin B, oògùn tó ń pa èbu yìí, sí aláìsàn lára, wọ́n á gé ibi tó ti kú, nígbà míì wọ́n á yọ ẹyinjú náà.

Lọ́jọ́ náà gan-an tí ojú bá pọ́n ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú oògùn ìtọ̀ ṣúgà yín dání, kí ẹ sì sọ iye ṣúgà tí ẹ wọ̀n gbẹ̀yìn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ.