Kí Ló Dá Ìlú Ọba Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà?

Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Òkun o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kàbà, Ìyàrá, Mọ́pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yin ọmọ wa tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìdálẹ̀. Ọ̀rọ̀ Brexit la fẹ́ sọ lónìí, bí Ìlú Ọba ṣe jáde kúrò nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé yàrá bàbá mi ní Kàbà.

[Àwòrán: àpò ọ̀rá kan lórí tábìlì]

Ẹ wo àpò ọ̀rá yìí. Bébà owó oṣù ló wà nínú rẹ̀, ti Oṣù Kẹta ọdún 1979. Ó ti pupa bí ewé gbígbẹ, bàbá sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ti ya. Ìlọrin ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà náà, torí ará Kwárà ni gbogbo wa. Nígbà tó di 27 Oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kéde ìpínlẹ̀ tuntun. Wọ́n gé àwa Òkun àti àwọn Ẹ̀bìrà kúrò lára Kwárà, wọ́n gé àwọn Ígálà kúrò lára Benue, wọ́n so wá pọ̀, wọ́n pè é ní Kogí. Lọ́kọ́ja di olú ìlú. Ìkéde náà ò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Fáìlì bàbá mi wọ lọ́rì kúrò ní Ìlọrin, kò sì tíì dé ibi tó ń lọ títí dòní. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, iléeṣẹ́ ìjọba kan ní àwọn ò rí àkọsílẹ̀ ọdún 14 tí wọ́n fi sìn ní Kwárà. Bébà kan ṣoṣo yìí ni ẹ̀rí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn.

Látìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí, mi ò lè gbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan ń jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ kí n má béèrè pé: fáìlì ta ló wà nínú lọ́rì yẹn?

Ó yá, kí ni EU? Orílẹ̀-èdè 28 ni wọ́n nígbà tí Ìlú Ọba ṣì wà níbẹ̀. Ọjà ń lọ, ọjà ń bọ̀ láàárín wọn láìsan owó bodè. Òfin kan náà ló ń sọ bí ẹran tí wọ́n ń tà àti oògùn tí wọ́n ń lò ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ọmọ Pólándì lè dìde lọ́la kó lọ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láìgba físà. Wọ́n ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ilé ẹjọ́ tí gbogbo wọn jọ ní. Ìlú Ọba wọ ẹgbẹ́ náà ní 1 Oṣù Kìíní ọdún 1973, wọ́n sì lo ọdún 47 níbẹ̀. Ẹ ro bí okùn ọdún 47 ṣe máa lọ́ mọ́ra wọn.

Ní 23 Oṣù Kẹfà ọdún 2016, olórí ìjọba wọn, David Cameron, ní kí ará ìlú dìbò: ṣé ká dúró ni àbí ká lọ? Mílíọ̀nù 17.4 ní ká lọ, mílíọ̀nù 16.1 ní ká dúró. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ohun méjì péré ló wà lórí bébà ìbò náà. Kò síbi tí wọ́n ti bi ará ìlú pé irú lílọ wo lẹ fẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ kúrò nínú ìjọba wọn, kẹ́ ẹ ṣì máa ná ọjà wọn, bí Nọ́wè ṣe ń ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ fi ọjà náà sílẹ̀ pátápátá? Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ní ká lọ ló ní ibi tó ń lọ lọ́kàn tirẹ̀, ibẹ̀ ò sì bára mu. Cameron fipò sílẹ̀, Theresa May gorí àga.

Òfin EU ní ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Article 50. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ̀wé. Láti ọjọ́ tó bá ti kọ̀wé, ọdún 2 ló ní láti fi dúnàá dúrà. Tí ọdún 2 bá pé tí kò sí àdéhùn, ó ti jáde nìyẹn, kódà kó jẹ́ ọwọ́ òfìfo, àyàfi tí gbogbo àwọn tó kù bá gbà láti fi àkókò kún un. Ní 29 Oṣù Kẹta ọdún 2017, aṣojú Ìlú Ọba ní Brussels, níbi tí olú iléeṣẹ́ EU wà, fi lẹ́tà olójú-ìwé 6 lé Donald Tusk, ààrẹ ìgbìmọ̀ EU, lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ nìyẹn.

Ẹ kíyè sí ẹni tí ọjọ́ yẹn ń ká mọ́. Orílẹ̀-èdè 27 jókòó sí apá kan, Michel Barnier, ọmọ Faransé, ń gbẹnu sọ fún wọn. Ìlú Ọba nìkan jókòó sí apá kejì, àwọn mínísítà rẹ̀ ò sì tíì fẹnu kò láàárín ara wọn. Barnier ní kò sí ọ̀rọ̀ káràkátà títí wọ́n á fi yanjú nǹkan mẹ́ta: owó, àwọn èèyàn, àti ẹnubodè Áyálándì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá èsúsú mọ ọ̀rọ̀ owó yẹn. Tó o bá ti fọwọ́ sí i pé wàá dá a títí ọdún á fi parí, o ò lè dìde láàárín kó o ní ó tán. Ìlú Ọba ti jẹ́jẹ̀ẹ́ owó títí di òpin ọdún 2020, owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ EU náà sì wà nílẹ̀. Ìjọba wọn ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 35 sí 39 owó pọ́n-ùn. Wọ́n jà díẹ̀, wọ́n gbà. Ní ti àwọn èèyàn, ọmọ EU tó ń gbé ní Ìlú Ọba lé ní mílíọ̀nù 3. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé níbi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lo 30 ọdún níbẹ̀ ní láti kọ̀wé béèrè àyè nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ dàgbà.

Áyálándì ni ọ̀rọ̀ gbé há.

[Àwòrán: ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ sí Eruku]

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Yàgbà. Ẹ dúró ní ìlú Ẹ̀gbẹ̀, kẹ́ ẹ kọjú sọ́nà Ìlọrin. Kò ní pẹ́ rárá tẹ́ ẹ fi máa dé Eruku. Kogí ni Ẹ̀gbẹ̀, Kwárà ni Eruku, ṣùgbọ́n ẹni tó gun ọ̀kadà kọjá lè má mọ̀gbà tó ré ààlà. Ẹ rí ìyàwó tó ń gbé níhìn-ín tí ilé bàbá rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ẹ wá rò ó pé ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n ti na okùn dábùú ọ̀nà yẹn. Aṣọ́bodè jókòó sábẹ́ igi, ó ń tú àpò gààrí wò níkọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń lọ sin ìyá ìyàwó rẹ̀.

Erékùṣù kan ni Áyálándì. Ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira, ó sì wà nínú EU. Àríwá Áyálándì jẹ́ ara Ìlú Ọba. Ààlà tó wà láàárín wọn gùn tó nǹkan bíi 500 kìlómítà, ọ̀nà tó dá a kọjá sì lé ní 200. Ó gba àárín oko olóko. Wọ́n á fún wàrà màlúù ní àríwá, wọ́n á gbé e lọ sí gúúsù kí wọ́n tó sọ ọ́ di bọ́tà. Nígbà tí méjèèjì wà nínú EU, kò sẹ́ni tó ń dá ọkọ̀ dúró nítorí ẹrù.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Fún nǹkan bí 30 ọdún ni wọ́n fi ń para wọn níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ bá Ìlú Ọba ṣe àti àwọn tó fẹ́ kí erékùṣù náà di ọ̀kan. Ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 3,500. Ológun dúró sójú ààlà, wọ́n sì gbẹ́ kòtò sójú àwọn ọ̀nà kan kí ọkọ̀ má baà kọjá. Ní 10 Oṣù Kẹrin ọdún 1998 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n kó ológun kúrò, ọ̀nà sì là. Ọmọ tí wọ́n bí lóṣù tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé yẹn pé ọdún 18 lọ́dún 2016, ó ti tó ìdìbò, kò sì sanwó bodè lójú ọ̀nà yẹn rí láyé rẹ̀.

Tí Ìlú Ọba bá wá jáde kúrò nínú ọjà EU, ẹrù gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè jẹ́ lórí ilẹ̀, láàárín àríwá àti gúúsù, kí ọgbẹ́ àtijọ́ tún ṣí. Ó lè jẹ́ lórí omi, láàárín Àríwá Áyálándì àti ìyókù Ìlú Ọba, kó dà bíi pé wọ́n fi apá kan orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Tí wọ́n bá kọ méjèèjì, a jẹ́ pé wọn ò tíì kúrò nínú ọjà. May ṣèlérí pé òun á kúrò nínú ọjà, kò sì ní sí ẹnubodè lórí ilẹ̀, kò ní sí lórí omi. Kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè fi mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ìdá 56 nínú 100 àwọn tó dìbò ní Àríwá Áyálándì ló ní ká dúró. Àwọn tí okùn náà máa gba ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n rántí gbẹ̀yìn.

Àdéhùn tí May gbé dé lóṣù Kọkànlá ọdún 2018 ní kí gbogbo Ìlú Ọba ṣì wà lábẹ́ òfin owó bodè kan náà pẹ̀lú EU títí wọ́n á fi rí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo pé ìdè ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú DUP ti Àríwá Áyálándì, tí ìjọba rẹ̀ gbára lé ìbò aṣòfin 10 wọn, náà kọ̀yìn sí i. Ní 15 Oṣù Kìíní ọdún 2019, aṣòfin 202 gbà á, 432 kọ̀ ọ́. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí ìjọba wọn rí láyé òde òní. Ó gbé e padà wá lẹ́ẹ̀mejì sí i, wọ́n kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún 2 pé, wọn ò tíì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni EU sún ọjọ́ síwájú fún wọn. Lọ́jọ́ tí May kéde pé òun ń fipò sílẹ̀, omijé dí i lọ́fun lójú gbogbo ayé.

Boris Johnson gbapò lóṣù Keje ọdún 2019, òun ló sì gba ti orí omi. Ìlú Ọba jáde ní 31 Oṣù Kìíní ọdún 2020, ní aago 11 alẹ́, torí aago 12 òru ló lù ní Brussels. Wọ́n ṣì lo oṣù 11 mìíràn lábẹ́ òfin EU kí wọ́n tó rí àdéhùn káràkátà ṣe, èyí tí wọ́n parí ní 24 Oṣù Kejìlá, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì. Ẹja ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ ní gẹ́rẹ́ tó kù kó parí. Ẹja pípa ò tó ìdá kan nínú 100 ọrọ̀ ajé Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n apẹja wà létí òkun ní ìhà méjèèjì, kò sì sí olóṣèlú tó fẹ́ kí wọ́n ní òun ló ta omi wọn. Ọ̀rọ̀ Áyálándì ò sì tíì tán. Oṣù Kejì ọdún 2023 ni Rishi Sunak, olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà, àti Ursula von der Leyen tó ṣojú EU ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí ẹrù tó máa dúró ní Àríwá Áyálándì gba ọ̀nà kan tí àyẹ̀wò rẹ̀ ò pọ̀, kí èyí tó lè wọ gúúsù gba ọ̀nà mìíràn.

Ó kàn wá. Nígbà tí ọmọ Yúróòpù ò lè wọ Ìlú Ọba fàlàlà mọ́, ilé ìtọ́jú arúgbó ń wá òṣìṣẹ́. Lóṣù Kejì ọdún 2022 ni wọ́n ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú láti òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Láti Oṣù Kẹta ọdún 2024, wọn ò jẹ́ kí wọ́n mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Lóṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun tó ń bọ̀ láti òkèèrè.

Ẹ tún wo ìtòsí. Ní 28 Oṣù Kìíní ọdún 2024, Mali, Burkina Faso àti Niger kéde pé àwọn ti kúrò nínú ECOWAS lójú ẹsẹ̀. Òfin ECOWAS béèrè ọdún kan, nítorí náà 29 Oṣù Kìíní ọdún 2025 ló tó fìdí múlẹ̀. ECOWAS ní kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn, kí ẹrù ṣì máa kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀ títí di ìgbà mìíràn. Lóṣù Kẹta ọdún náà, àwọn mẹ́ta yìí bu owó bodè ìdá àbọ̀ nínú 100 lé ẹrù tó bá ti ìta ẹgbẹ́ tuntun wọn wọlé. Ààlà Nàìjíríà àti Niger nìkan gùn ju 1,500 kìlómítà lọ, ìpínlẹ̀ wa 7 ló kàn án, Haúsá ló sì ń gbé ní ìhà méjèèjì. Nínú àgbò tí à ń rà fún Iléyá àti ẹ̀wà tó ń dé ọjà wa, èyí tó gba ààlà yẹn kọjá ò kéré.

Nílé wa níbí, ẹ̀ ń gbọ́ àwọn tó ní ká padà sí Kwárà, ẹ̀ ń gbọ́ àwọn tó ní ká gba ìpínlẹ̀ Òkun tiwa. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ wa tó wà ní Lọ́kọ́ja, ta ló máa ka ọdún wọn? Gbèsè Kogí, báwo la ṣe máa pín in? Yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Kàbà, owó oṣù àwọn olùkọ́ rẹ̀ di ti ta?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Ẹ̀gbẹ̀ tí oko yín tàbí àna yín wà ní Eruku, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí fáìlì yín sọnù lọ́dún 1991, ẹ kọ̀wé sí wa, tàbí kẹ́ ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin la fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yín nínú fídíò tó ń bọ̀. Òkun o.