Ta Ló Máa Kọ́kọ́ Fi Owó Sínú Àkáǹtì Ọmọ?

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ la wá sọ, ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ni: ilé, ilẹ̀, owó báńkì àti ìdókòwò, lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbèsè. Ìwádìí tí Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 2022 fi hàn pé bí a bá to àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun láti orí ẹni tó tálákà jù dé orí ẹni tó lówó jù, èyí tó bọ́ sí àárín ní 285,000 dọ́là. Ti aláwọ̀ dúdú, 44,900.

Àwọn kan ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ò mọ owó í tọ́jú. Irọ́ gbáà ni. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú kó owó wọn sí Freedman's Savings Bank, tí òfin ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1865. Àwọn alákòóso yá owó ọ̀hún fún ẹni tí kò lè san án, báńkì wó ní 1874. Wọ́n tọ́jú owó. Àwọn tí wọ́n fi ṣọ́ ọ ló fi ṣòfò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀kọ́ ìfowópamọ́ nìkan tàn yín. Ọmọ tí òbí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ fún àti ọmọ tí wọn ò rí nǹkan kan fi sílẹ̀ fún kò bẹ̀rẹ̀ níbì kan náà. Ibẹ̀ ni kí ìjọba ti tún un ṣe.

Ohun tí Darrick Hamilton àti William Darity, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, dá lábàá ní 2010 nìyẹn: baby bonds. Kí ìjọba fi owó lélẹ̀ fún ọmọ tuntun, kí ti tálákà pọ̀ jù.

Connecticut, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe é. Ọmọ tí wọ́n bí láti 1 Oṣù Keje 2023, tí HUSKY, ètò ìlera àwọn aláìní níbẹ̀, bo ìbí rẹ̀, ìjọba ń fi 3,200 dọ́là dókòwò fún un. Òbí ò ní í kọ fọ́ọ̀mù kankan. Bí ọmọ bá pé ọdún 18 sí 30, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà, tó sì ti gba ẹ̀kọ́ nípa owó, ó lè fi ra ilé, fi ṣòwò, fi kàwé, tàbí kó fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó.

Ẹ bá mi ṣírò. Bí owó bá ń lé ní 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, 3,200 yóò tó 10,800 ní ọdún 18. Ètò ìjọba àpapọ̀ tuntun, Trump Accounts, ń fún ọmọ onílùú tí wọ́n bí láti 2025 sí 2028 ní 1,000, olówó àti tálákà bákan náà. Lérèé kan náà, ó di 3,400. Ṣùgbọ́n ìdílé lè fi tó 5,000 kún un lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń fi í kún un fún ọdún 18 á ní nǹkan bí 170,000 lórí rẹ̀. Ṣé èyí ló máa dín ìyàtọ̀ ọrọ̀ náà kù? Rárá o! Ó máa fẹ̀ ẹ́ ni. Òbí sì tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ bèèrè fún 1,000 náà.

Àkókò ti ń lọ, mo máa gé ọ̀rọ̀ Oklahoma, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, kúrú. Ní 2007 wọ́n ṣí àkáǹtì 1,000 dọ́là fún àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ́ kèké mú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ní in. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣí i fúnra wọn, díẹ̀ ló ṣí i.

Ìyá kan wá béèrè láti ìjókòó: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ tí a bí sí London ńkọ́?”

Ẹ ṣeun, mà. Ìbéèrè yín tọ́, ó sì fi ohun tí mo fò dá hàn. Britain fún àwọn tí wọ́n bí láti 1 Oṣù Kẹsàn-án 2002 sí 2 Oṣù Kìíní 2011 ní Child Trust Fund: 250 pọ́ọ̀nù níbẹ̀rẹ̀, 500 fún aláìní. Bí òbí ò bá ṣí i láàárín ọdún kan, HMRC, iléeṣẹ́ owó orí Britain, ṣí i fúnra wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ti ju ọdún 18 lọ tí wọn ò mọ̀ pé owó wà: ìdílé kó kúrò nílé, lẹ́tà ń lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́. Ṣíṣí àkáǹtì nìkan ò tó. Connecticut gbọ́dọ̀ ti ìsinsìnyí máa tọpa ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Tiyín, mà: bí ẹ bá gba Child Benefit, owó tí ìjọba ń san fún títọ́ ọmọ, fún ọmọ yín nígbà náà, ẹ jẹ́ kó mú nọ́ńbà National Insurance rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, kó wá àkáǹtì náà lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba Britain. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún aṣojú kankan.