Ta Ló Yẹ Kí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀ Wúwo Jù Nínú Ìpàdé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún wá síwájú jàre, mi ò ní bi yín ní ìbéèrè. Ó dà bíi pé màá bi yín o.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ ìtàn màlúù Francis Galton, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣáà fara dà á. Ní 1906, ní Plymouth nílẹ̀ England, àwọn èèyàn san owó kí wọ́n lè kọ ìwọ̀n tí màlúù kan máa jẹ́ tí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún un ṣe tán. Ìwé 787 ló ṣeé kà, Galton tò ó, èyí tó bọ́ sáàárín gan-an jẹ́ 1,207 páùn, màlúù fúnra ẹ̀ jẹ́ 1,198. Ó sún mọ́ ọn gan-an! Látìgbà yẹn làwọn kan ti ń gun màlúù yìí kiri pé ẹ má wọn ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ pín in dọ́gba, ó parí.

Kò parí o. Nídìí màlúù yẹn, kálukú ló kọ tiẹ̀ láìrí ti ẹnìkejì. Nínú ìpàdé tiyín ńkọ́? Ọ̀gá á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó kàn á ní "bí ọ̀gá ṣe sọ yẹn náà ni", kẹ́ ẹ tó mọ̀, èèyàn méjìlá ti sọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ìdí nìyẹn táwọn ará RAND, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fi gbé ọ̀nà Delphi kalẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1959: kọ tìẹ láìforúkọ sí i, ka ìdí táwọn yòókù sọ, kó o wá tún tìẹ yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ gan-an ni ọ̀nà Roger Cooke, onímọ̀ ìṣirò ní yunifásítì Delft nílẹ̀ Netherlands. Kó o tó bi onímọ̀ ní ohun tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ìwọ ti ní ìdáhùn ẹ̀ lọ́wọ́, nínú iṣẹ́ ẹ̀ gan-an. Kó sọ iye tó kéré jù àti èyí tó ga jù, kó dá a lójú dé 90 nínú 100 pé òótọ́ wà láàárín méjèèjì. Tó bá dáhùn 20, ó yẹ kí òótọ́ bọ́ sínú bíi 18. Ẹni tó bá ní "láti oókan dé mílíọ̀nù kan", òótọ́ á máa bọ́ sínú tiẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kí la fẹ́ fi ṣe? Máàkì tí kálukú bá gbà nínú ìdánwò yìí la fi ń mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe máa wúwo tó. Nígbà míì ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń gba òdo. Òdo, pẹ̀lú gbogbo oyè! Ọ̀jọ̀gbọ́n kan bínú sí mi, ó ní òun ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Mo ní ẹ má bínú sà, ẹ ṣáà dáhùn.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ìwádìí Philip Tetlock, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó fi nǹkan bí 20 ọdún yẹ àsọtẹ́lẹ̀ onímọ̀ 284 wò, níbi tó ti hàn pé àwọn táwọn oníròyìn ń sá tọ̀ jù ò mọ̀ ọ́n sọ ju àwọn yòókù lọ, nígbà tí màmá kan nawọ́: "Tí mẹ́ta tó gba máàkì jù bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan náà ńkọ́?"

Màmá gbá mi mú. Àwọn mẹ́ta yẹn á jọ yege, wọ́n á sì jọ ṣìnà. Ìṣirò Condorcet, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, láti 1785 pé bá a ṣe ń pọ̀ sí i la ó máa gbà á, ó fẹ́ kí kálukú ronú tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ṣeé ṣe kó gbà á ju kó ṣì í lọ. Nítorí náà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti jọ ṣì í nínú ìdánwò yẹn. Tó bá jẹ́ ibì kan náà, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín ìwọ̀n tó sún mọ́ ti ẹnì kan.

Àkókò ti lọ, ọ̀rọ̀ Challenger, ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà tó bú gbàù ní 1986, di ẹ̀yìn ọ̀la: ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn ẹnjiníà ti ní òtútù máa ba rọ́bà tó dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́, àmọ́ àwọn ọ̀gá ò gbọ́ tiwọn. Màmá tún ní ta ló máa wá gbé ìbéèrè ìdánwò kalẹ̀? Mo ní ẹnikẹ́ni tí ìpinnu yẹn ò ní mú owó wọ àpò ẹ̀. Ni alága bá tẹ aago.