Kí Ẹ Tó Gba Gbọ̀ngàn, Ẹ Béèrè Líìfù (Ìsinmi Lẹ́nu Iṣẹ́)

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ẹbí Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìjókòó.

Bí ẹbí bá jókòó láti dá ọjọ́ ìgbéyàwó, wọn á yan aṣọ ẹbí, wọn á gba gbọ̀ngàn, ìgbà náà ni wọn á tó tẹ ọmọ tó wà lókè òkun láago: "Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ni o, má jẹ̀ẹ́ kó yẹ̀." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yẹn kọ́ ló ni ọjọ́ náà. Ẹni tó ń to ṣíìfù, ìyẹn àkókò iṣẹ́ oníkálùkù, fún wọn níbi iṣẹ́ ló ni ín.

Òfin Ìlú Ọba fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún, ìyẹn ọjọ́ 28 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ agbanisíṣẹ́ lè ka ọjọ́ ìsinmi ìjọba mọ́ ọn. Mẹ́jọ ni ìyẹn ní England, nítorí náà ó lè ku 20 péré. Bó bá sì jẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ kì í tilẹ̀kùn nítorí Kérésì: ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò wẹ̀ fún àwọn arúgbó, tí yóò fún wọn lóògùn. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan náà.

Bí ìwé àdéhùn iṣẹ́ kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìlọ́po méjì iye ọjọ́ téèyàn fẹ́ gbà, pẹ̀lú ọjọ́ kan lórí rẹ̀, ló fi gbọ́dọ̀ sọ ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ ọjọ́ 10 á sọ ọ́ ní ọjọ́ 21 ṣáájú. Ibi tó le wà ni pé ọ̀gá lè kọ̀ ọ́ títí di ìgbà tó bá ku ọjọ́ 11 kí ìsinmi náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà ní oṣù Kẹjọ, tó wá béèrè líìfù ní oṣù Kọkànlá, owó rẹ̀ ló fi ta tẹ́tẹ́. Kó gba àṣẹ lákọsílẹ̀ kó tó sanwó. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, nítorí ọ̀gá tó gbà á lẹ́nu lè ti kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ̀yin ìyá, "dúró díẹ̀ sí i" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ọmọ tí agbanisíṣẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀. Bí ìsinmi tí kò lówó nínú bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ láàárín ọdún kan, yàtọ̀ sí ìdí díẹ̀ bí àìsàn tàbí ìbímọ, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ yọwọ́ kúrò nínú ìgbọ̀wọ́ físà náà.

Ọ̀rọ̀ pásípọ́ọ̀tù la fẹ́ dúró lé jù. Káàdì BRP, ìyẹn káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń fún àwọn àlejò ní Ìlú Ọba, parí iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2024. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà wà báyìí, nínú àkáǹtì UKVI (ẹ̀ka ìjọba Ìlú Ọba tó ń rí sí físà), nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n sì fi so ó mọ́ èèyàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi ìsinmi tún pásípọ́ọ̀tù ṣe nílé. Nọ́ńbà tuntun ló máa bá a jáde. Bí wọn kò bá wọ inú àkáǹtì yẹn lọ yí i padà kí wọ́n tó lọ sí pápákọ̀ òfúrufú, òṣìṣẹ́ bàálù á tẹ nọ́ńbà tuntun, ó lè má rí físà kankan, ó sì lè má jẹ́ kí wọ́n wọ bàálù. Kóòdù ni àkáǹtì náà máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù tàbí ímeèlì kó tó ṣí, nítorí náà kí wọ́n má ṣe fi síìmù Ìlú Ọba sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Kí wọ́n mú pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ dání pẹ̀lú.

Bí bàálù bá máa yà ní Paris tàbí Frankfurt, kí wọ́n wádìí físà ìyàlọ, ìyẹn físà ẹni tó kàn fẹ́ yí bàálù padà níbẹ̀, kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Naijíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ wọn.

Ẹni tó bá balẹ̀ sí Ìkẹjà ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn sí Èkó. Ìbáà gba Ìbàdàn àti Iléṣà, ìbáà gba Ore àti Oǹdó, àárọ̀ ni kó gbéra. Bó bá ń padà, kó kúrò ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ bàálù, torí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ìparí ọdún kò mọ aago ẹnikẹ́ni.

Ibà ńkọ́? Ẹni tó ti pẹ́ lọ́hùn-ún, agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá a jà ti dínkù. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò tilẹ̀ ní in rárá. Oògùn adènà ibà tó ń jẹ́ atovaquone-proguanil, ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá padà. Ọjọ́ méje yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, wọ́n ní kò sí ẹ̀fọn níbẹ̀. Àmọ́ kòkòrò ibà máa ń fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ kó tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó wọlé ní Àkúrẹ́ lè jáde ní London.

Nípa ẹrù ìpadàbọ̀: ẹran kò gbọdọ̀ wọ Ìlú Ọba láti ọ̀dọ̀ wa, ì báà jẹ́ ẹran ìgbẹ́ tí a yan, kílíṣí, tàbí ẹran díndín tí màmá fi ọ̀rá wé ní ìpele mẹ́ta. Wàrà náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n á gbà á, wọ́n á dà á nù. Gàrí àti èlùbọ́ ni kẹ́ ẹ dì fún wọn.