Ta Ló Ni Nọ́ńbà VAT Yìí?

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn oníṣòwò àti akáńtáǹtì wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo tún un kọ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ ká fi ínfóísì kan bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan kó ọjà wá fún yín, ó ní £1,200 ni. £1,000 ni owó ọjà, £200 ni VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà. Nọ́ńbà VAT rẹ̀ wà lókè ìwé: GB 123456782. Ẹ sanwó. Nígbà tó yá, ẹ ní kí HMRC, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba Bìrìtéènì, dá £200 yẹn padà fún yín. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ ayédèrú, HMRC lè ní àwọn ò san kọ́bọ̀, ẹni tó gbowó náà á sì ti rìn jìnnà. Torí náà, kí ẹ tó kówó sílẹ̀ ni kí ẹ yẹ nọ́ńbà wò.

Mo kọ nọ́ńbà náà sójú pátákó. Ẹyọ mẹ́sàn-án ni. Méje àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà gan-an, méjì tó kẹ́yìn ni ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ wọn. Ẹ mú 1 lọ́nà 8, 2 lọ́nà 7, 3 lọ́nà 6, 4 lọ́nà 5, 5 lọ́nà 4, 6 lọ́nà 3, 7 lọ́nà 2. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 112. Ẹ fi ẹ̀ṣọ́, ìyẹn 82, kún un, ó di 194. 97 lọ́nà méjì ni 194, kò ṣẹ́ kù rárá. Nọ́ńbà yìí yege. Ká wá ní ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà fi 6 ṣáájú 5. 112 á di 113, àròpọ̀ á di 195, 97 ò ní pín in dọ́gba mọ́. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ti pariwo "195!" kí n tó kọ ọ́ tán. Ẹni tó ń ka owó lójoojúmọ́ kì í fi ìṣirò ṣeré.

Àwọn nọ́ńbà kan tún wà tí HMRC ń fún èèyàn, tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi 55 kún àròpọ̀ kó tó bá 97 mu. Áàpù tó ń yẹ nọ́ńbà wò tí kò bá mọ èyí á máa pe ọmọlúàbí lólè. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Netherlands lọ́dún 2020, nígbà tí wọ́n pín nọ́ńbà tuntun fún àwọn tó ń dá ṣòwò. Ìṣirò àtijọ́ ò bá wọn mu, àwọn áàpù tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe sì ń sọ pé nọ́ńbà gidi kò dára.

Ṣùgbọ́n ẹ wo GB 123456782 yẹn dáadáa. Èmi ni mo jókòó tí mo hun ún! Ìṣirò ń mú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì tẹ nǹkan. Kò lè mú olè, torí olè náà mọ ìṣirò.

Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé orúkọ, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ àwọn tó ní nọ́ńbà VAT sí. Fún nọ́ńbà GB, ojú ìwé HMRC lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Fún àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Yúróòpù (EU), VIES ni, ètò tí àjọ náà fi ń yẹ nọ́ńbà VAT wò, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993. Bìrìtéènì jáde níbẹ̀ ní January 1, 2021. Àwọn ará Northern Ireland nìkan ló kù, XI ni wọ́n sì fi ń ṣáájú nọ́ńbà wọn tí wọ́n bá ń bá Yúróòpù ta ọjà. Gíríìsì ní tiwọn ń lo EL dípò GR. Ọ̀pọ̀ áàpù ló ti kọsẹ̀ lórí lẹ́tà méjì yẹn.

VIES fúnra rẹ̀ ò ní ìwé orúkọ kankan lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ ni. Ó ń gbé ìbéèrè yín lọ sí kọ̀ǹpútà orílẹ̀-èdè tó fúnni ní nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà yẹn sì lè má dáhùn. Ilé ìtajà kan ní Dublin, nílẹ̀ Ireland, pè mí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Oníbàárà wọn kan ní Jámánì ra ọjà €4,000. Bí nọ́ńbà oníbàárà bá jẹ́ ojúlówó, wọn ò ní gba VAT lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2020 ni òfin Yúróòpù ti sọ nọ́ńbà yẹn di dandan. Lálẹ́ ọjọ́ Friday, Jámánì ò dáhùn, áàpù wọn kọ "nọ́ńbà yìí kò dára", ó sì fi 23%, ìyẹn €920, lé owó náà. Oníbàárà bínú lọ.

Ká ní ẹ rán ọmọ sí aládùúgbò pé kó lọ yá odó wá. Ó kanlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó wá padà délé ní "wọ́n ní àwọn ò ní odó." Ohun tí áàpù yẹn ṣe gan-an nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ fún un ní èsì méjì péré: ó dára, kò dára. Mo fi ẹ̀kẹta sí i: "wọn ò tíì dáhùn", kí ó dá ínfóísì dúró, kí ó sì tún béèrè lẹ́yìn wákàtí kan.

Tí wọ́n bá wá ní nọ́ńbà dára ńkọ́? Ti ta ni? Olè lè da nọ́ńbà ilé iṣẹ́ gidi kọ sórí ìwé tirẹ̀. Ẹ fi orúkọ àti àdírẹ́sì tí wọ́n bá gbé jáde wé ti orí ínfóísì. Jámánì àti Spéènì kì í gbé orúkọ jáde nínú VIES.  Ẹ máa fi nọ́ńbà VAT tiyín béèrè, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀rí pé ẹ béèrè lọ́jọ́ báyìí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ínfóísì.

Màmá kan nawọ́. Wọ́n ní tí oníṣòwò ò bá ní nọ́ńbà rárá, ṣé olè ni? Mo ní rárá o, Mà. Ẹni tí ọjà tó ń tà lọ́dún ò bá tó £90,000 kò pọn dandan kó forúkọ sílẹ̀. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ gba VAT lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tú báàgì wọn, wọ́n fa ínfóísì kan yọ tí wọ́n ti ká sí méjì: VAT 20%, kò sí nọ́ńbà lókè, kò sí nísàlẹ̀. "Mo ti san án," ni wọ́n wí. Mo ní kí wọ́n kọ̀wé sí ẹni náà láàárọ̀ ọ̀la, kí ó kọ ínfóísì míì tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, tàbí kó dá owó VAT wọn padà.