Dungeons & Dragons Tactics lórí PSP: ibi tí ìgbájú ọ̀fẹ́ ti ń wá

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹni tó bá ti ta lúdò rí níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ mọ̀ pé dáìsì kì í mojú ẹnikẹ́ni. Dáìsì lúdò ní ojú 6. Ti géèmù tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní ojú 20, ẹ ò sì ní fojú rí i, torí inú PSP, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká ti Sony, ló ti ń yí.

Kuju, ilé-iṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe Dungeons & Dragons Tactics; Atari ló gbé e jáde ní 2007. Orí tábìlì ni eré náà ti ṣẹ̀. Láti 1974 ni wọ́n ti ń fi ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì ta á ní Amẹ́ríkà. Òfin ẹ̀dà 3.5, èyí tó jáde ní 2003, ni wọ́n kó sínú PSP. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń ta á bíi géèmù ìjà fi ń tètè kú. Ìṣirò ni.

[Àwòrán: jagunjagun kan kojú ọ̀tá]

Tí jagunjagun yín bá fẹ́ gbá ọ̀tá, géèmù á ju dáìsì, á fi attack bonus rẹ̀ (iye tí agbára ìjà rẹ̀ fún un) kún un. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá tó AC (Armor Class, iye ààbò) ọ̀tá, ó bà á nìyẹn. Ká ní AC ọ̀tá jẹ́ 16, tí bonus yín jẹ́ 5: dáìsì gbọ́dọ̀ já sí 11 sókè. Nínú ojú 20, 10 péré ló wúlò fún yín. Ẹ wá fi ẹlòmíì sẹ́yìn ọ̀tá náà gan-an, kí ẹ há a sáàárín. Ẹ ti rí 2 gbà lọ́fẹ̀ẹ́, 9 sókè sì ti tó. Idà masterwork (èyí tí wọ́n rọ dáadáa ju ti gbogboogbò lọ) tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ ná gbogbo wúrà yín, 1 péré ló ń fi kún un!

AC tiyín ńkọ́? 10 ni ìpìlẹ̀. Chainmail (ẹ̀wù irin) fi 5 sí i, heavy shield (apata tó wúwo) fi 2, Dexterity (ìyára ara) 14 fi 2, ó di 19. Ṣùgbọ́n oṣó kì í wọ ẹ̀wù irin. Bí Wizard bá wọ chainmail, 30 nínú 100 ọfọ̀ tó bá pè ni yóò ṣòfò.

Ìgbájú ọ̀fẹ́ wá ńkọ́? Ilẹ̀ ìjà pín sí ojú-ojú bí ọpọ́n ayò, ojú kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Ọ̀tá tó mú idà lọ́wọ́ ń ṣọ́ gbogbo ojú 8 tó yí i ká. Ẹ lè wọ ibẹ̀ láti ìta, kò ní nǹkan kan ṣe. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sá kúrò ló máa gbá yín láìdúró de ìgbà tirẹ̀. Attack of opportunity ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ta ọfà tàbí tó pe ọfọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá náà á jẹ tiẹ̀. Wizard tuntun kì í ní ju ẹ̀mí 4 lọ ká tó fi ti Constitution (okun ara) kún un. Ìgbájú kan lè gbé e lọ. Ẹ fi í sẹ́yìn Fighter (jagunjagun), kí ojú méjì ó kéré tán wà láàárín òun àti ọ̀tá. Ogre (òmìrán) tiẹ̀ ń nàgà dé ojú kejì, torí náà ẹ jìnnà sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èèyàn 6 lẹ lè kó jáde. Ẹ má ṣe gbàgbé Cleric, òun ló ń woni sàn, kí ẹ sì fún un ní mace (kùmọ̀ olórí irin). Bí ẹ bá fi idà ṣá egungun tó ń rìn, òfin yọ 5 kúrò nínú ìpalára náà. Mace ló ń fọ́ ọ. Ti zombie (òkú tó ń rìn tòun tẹran ara), òdìkejì ni: idà ni kí ẹ fà yọ. Sneak attack (ìkọlù àìròtẹ́lẹ̀) ti Rogue (olè) kò ran èyíkéyìí nínú méjèèjì, òkú ni wọ́n.

Ojú géèmù náà ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ, ká sòótọ́. Ẹ mú iná ojú PSP pọ̀ sí i, àmọ́ bátìrì á tètè lọ. PSP àkọ́kọ́ ní bátìrì 1800 mAh. Ti pẹlẹbẹ tó tẹ̀ lé e jẹ́ 1200. Bí ẹ bá ra tòkúnbọ̀, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn wò. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má ṣe kì í bọná mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí iná bá sì ti lọ, ẹ séèfù kẹ́ ẹ tó wọ ìjà, kẹ́ ẹ má ṣe yọ Memory Stick (káàdì tí séèfù yín wà nínú rẹ̀) nígbà tí iná kékeré rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú.